Ìyá Àgbà Mi Ẹlẹ́mu àti Wáìnì Ilẹ̀ Ṣáínà

Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ sọ pé Ìyá àgbà jẹ́ ẹni tó fọkàn tán gbogbo èèyàn. Abẹ́ kánópì ni mo ti kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ta ni àwọn èèyàn yìí ń sọ ná? Ìyá àgbà tí mo mọ̀, tí o bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú rẹ, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ bóyá ẹnì kan ń bọ̀, kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Tí o bá ní òjò ń rọ̀, wọ́n á na ọwọ́ síta wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ báyìí, òkú kì í sì í ní àbùkù lójú ẹni tó ń dúró de ìrẹsì.

Èmi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Onífura ni Ìyá àgbà mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà. Tiwọn kì í ṣe oògùn, oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán ni. Ìfura yẹn ni kò jẹ́ kí n wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ Ṣáínà lónìí. Ìfura kan náà, èyí tí mo jogún tí mi ò mọ̀ ọ́n lò, ló sì rán ẹlòmíì lọ síbẹ̀ dípò mi. Méjèèjì ni màá sọ. Tí mo bá sọ ọ̀kan tí mo fi ọ̀kan sílẹ̀, èmi náà ti di ara àwọn tó kọ ìwé ètò yẹn.

Ẹlẹ́mu ni wọ́n. Bàbá àgbà ló ń gun ọ̀pẹ, Ìyá àgbà ló ń tà. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Ọ̀mù-Àrán, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òrò, ni wọ́n ń jókòó sí, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí orúnkún Bàbá àgbà fi kọ̀, tí okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ fi di ohun tí à ń sá aṣọ sí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lóko, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò, àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń yà sí. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá gbé ẹmu kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ún. Ìyá àgbà á bu díẹ̀ sínú igbá kékeré, wọ́n á mu ún lójú oníbàárà, wọ́n á nu ẹnu, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bu tìrẹ. Kì í ṣe àwọn ló dá àṣà yẹn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn a máa ṣe é bí ẹni tó ń búra ní kóòtù.

Ọjọ́ kan wà tí ara wọn ò yá. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹmu àárọ̀ ọjọ́ yẹn kún akèrègbè mẹ́ta, ó ń hó, ó ń ta sánsán. Àwọn oníbàárà ní kí wọ́n kàn bù ú fún àwọn, ó ti tó ogún ọdún tí àwọn ti ń mu ẹmu wọn, kí ló kù tí àwọn fẹ́ mọ̀? Ìyá àgbà ní rárá o. Wọ́n gbé akèrègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n dà á nù pátá. Inú bí mi débi pé mo sunkún, torí èmi ni mo bá Bàbá àgbà rù ú wálé láti oko. Wọ́n ní, "Àkànní, ọkọ mi, ohun tí mi ò lè mu, mi ò lè tà á. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ mí yẹn, kì í ṣe ẹ̀rí."

Ìgbómìnà ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Èmi ni mò ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́. Ó dùn létí ju báyìí lọ.

Ẹlẹ́mu mìíràn wà ní òdìkejì títì, obìnrin kan tó rẹwà, ọ̀yàyà rẹ̀ pọ̀, ó máa ń pe gbogbo ọkùnrin ní "olówó orí mi." Òun náà máa ń gbé igbá sẹ́nu kó tó tà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ torí ẹmu tirẹ̀ dùn ju tiwa lọ. Ìyá àgbà wò ó títí fún bí oṣù kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n fà mí lápá, wọ́n ní kí n wo obìnrin yẹn dáadáa. Mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan. Ó gbé igbá, ó fi kan ètè, ó nu ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òrò, tí àṣírí sì tú pé omi àti sakarín tó ń dùn bí ṣúgà ni obìnrin náà ń bù lu ẹmu. Mo bi Ìyá àgbà léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, "Má wo ẹnu ẹlẹ́mu. Ọ̀fun rẹ̀ ni kó o máa wò."

Ẹ má rò pé ẹmu nìkan ni wọ́n ń fura sí o. Tí wọ́n bá lọ síbi ìgbéyàwó, ife tiwọn ni wọ́n ń mú lọ nínú báàgì. Tí wọ́n bá gbé omi inú ike fún wọn, tí ìdérí rẹ̀ ò bá ró létí wọn nígbà tí wọ́n ń ṣí i, wọn ò ní mu ún, kí òùngbẹ pa wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí páṣítọ̀ bá ní ká dijú, ojú kan ni Ìyá àgbà ń dì. Mo mọ̀, torí èmi náà kì í di tèmi, ojú wa sì máa ń ṣe mẹ́rin. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní, "Ojú kan ti tó Ọlọ́run. Èkejì, àpò mi ni mo fi ń ṣọ́."

Ìjà wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ́. Díákónì kan dìde níbi ìpàdé, ó ní kò bójú mu kí ẹlẹ́mu máa di kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹgbẹ́ àwọn ìyá mú. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà lójú gbogbo ìjọ. Ó dùn wọ́n, ó dùn wọ́n gan-an ni. Díákónì yìí kan náà ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa wọlé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú fúláàsì tíì lábẹ́ agbádá, tí Ìyá àgbà á bu ẹmu sí i tí yóò dé e pa. Mo ní kí wọ́n tú u fó. Mo ní tí wọn ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́. Wọ́n gbá mi lẹ́nu. Wọ́n ní oníbàárà ni, a kì í tú oníbàárà fó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ẹ̀rù èèyàn ló ń ba ẹni tó ń fi fúláàsì ra ẹmu, kì í ṣe ẹ̀rù Ọlọ́run. Má fẹ̀yìn ti irú ẹ̀ láéláé."

Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ti bí wọn. Tí ọdún Kérésì bá dé, wọ́n á kó àwa ọmọ ọmọ lọ síbẹ̀, a ó lọ wo àwọn ère òkúta. Ìtàn tí tíṣà sọ fún wa nílé-ìwé ni pé àlejò ni àwọn ère yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣe àfojúdi sí ìlú, wọ́n sì di òkúta. Ìyá àgbà ò bá tíṣà jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn rí níbẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní ká wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jókòó. Nígbà tí mo ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà láti lọ kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀ ní yunifásítì, tí gbogbo ẹbí ń gbàdúrà pé kí n má gbàgbé ilé, ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí: "Ìlú tí o kò mọ̀, má tètè jókòó."

Àmọ́ mo jókòó. Mo parí ẹ̀kọ́, mo rí iṣẹ́ ní ìlú Guangzhou lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó ń ta wáìnì pupa. Iṣẹ́ mi ni kíkọ lẹ́tà, kíka ìwé, gbígbé ìgò sínú àpótí ẹ̀bùn. Ọmọ Òmùpò kan, ìlú tó sún mọ́ tiwa nílé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, Káyọ̀dé. Yàrá kan náà là ń gbé. Òun ló ń wa ọkọ̀ tí ń kó wáìnì kiri. Káyọ̀dé ń sọ èdè wọn ju èmi lọ, ó ń fi dá wọn lẹ́rìn-ín lójú ọjà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà. Tí ìwé bá dé, èmi ló ń gbé e fún.

Tí ẹ ò bá dé ibẹ̀, ẹ ò lè mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń du wáìnì. Àwọn bàbá wọn, ọtí funfun tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn ni wọ́n ń mu. Nígbà tí ọwọ́ àwọn ọmọ wá ba ohun rere, wáìnì òkè òkun di ohun tí wọ́n fi ń dá ẹni tó ti là mọ̀. Ìyàwó ilé ń lọ sí kíláàsì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ife. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní báńkì á há orúkọ àwọn abúlé ilẹ̀ Faransé sórí bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń há ìsọdipúpọ̀. Mi ò bú gbogbo wọn o. Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní àríwá wọn lọ́hùn-ún tó ń gbin àjàrà lẹ́sẹ̀ òkè. Ohun tí wọ́n ń pọn dára, wọ́n sì ń mu ún fúnra wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tiwa, ìgò ni wọ́n ń rà. Níbi àsè, ọ̀gá kan á da wáìnì olówó iyebíye kún ife dé ẹnu, á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo tábìlì á pàtẹ́wọ́. Tí ọdún tuntun wọn bá sì ń bọ̀, ìgò nínú àpótí pupa ni ẹ̀bùn. Ẹni tó gbà á kì í ṣí i. Á gbé e fún ọ̀gá tirẹ̀, ọ̀gá náà á gbé e fún ẹni tí òun náà ń wá ojú rere rẹ̀. Mo fojú mi rí ìgò kan tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù wa, tó lọ yí ká, tó sì padà wá bá ọ̀gá wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ìwé tí èmi fọwọ́ ara mi lẹ̀ mọ́ àpótí yẹn ṣì wà lára rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá àgbà lórí fóònù, èyí tí a fi ń rí ojú ara wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ṣekárími ò kúkú ní ìlú, àwọn kan wà ní Ọ̀mù-Àrán níbí tí wọ́n to ìgò òfìfo sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò lè mọ ohun tí wọ́n mu lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹmu tí ẹnikẹ́ni ò mu, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹmu ni?"

Mo ní iná fẹ́ tán lórí fóònù mi.

Wọn kì í sì í fi fóònù sílẹ̀ láìwo yàrá. "Yí i kiri," ni wọ́n máa ń sọ, "jẹ́ kí n rí ibi tó o wà." Wọ́n á wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wo fèrèsé, wọ́n á wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá mo fi obìnrin pamọ́. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń yí i, wọ́n ní kí n dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ìgò òfìfo wà níbẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá wa ló ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn ìgò tí orúkọ ńlá wà lára wọn, tí ìwé wọn ò ya. Ilé ìkẹ́rùsí ti kún, ló bá ní ká kó díẹ̀ sí yàrá wa. Mo ní fún Ìyá àgbà pé ilé oúnjẹ kan ló fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí ọ̀gá sọ fún èmi náà nìyẹn. Mo ti ń fura kí n tó sọ ọ́. Ìyá àgbà sún mọ́ fóònù débi pé imú wọn nìkan ni mò ń rí. Wọ́n ní, "Ìgò tí wọ́n tọ́jú ìwé ara rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ọkọ mi. Wọ́n ṣì fẹ́ fi ṣe nǹkan."

Láàárín oṣù yẹn náà ni ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ tí yóò máa kó wáìnì wọlé láti òkè òkun, ó sì fẹ́ kí orúkọ àjèjì wà lórí ìwé kí àwọn oníbàárà lè gbà pé òkè òkun ló ti wá lóòótọ́. Èmi ni yóò jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti tẹ káàdì mi. Ó ní kí n lọ wọn kóòtù. Kí n kàn fọwọ́ síwèé ni ó kù. Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó wà níbẹ̀ kò farasin fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà: ohunkóhun tó bá ti inú ìgò náà jáde, ẹni tó fọwọ́ síwèé ni yóò dáhùn fún un, kì í ṣe ọ̀gá. Mo mọ̀. Síbẹ̀ káàdì yẹn ń dùn mọ́ mi. Mo máa ń yọ ọ́ wò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ẹlẹ́mu Ọ̀mù-Àrán, ọ̀gá àgbà. Mo ní fún ọ̀gá pé kí n kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará ilé, tí mo bá dé màá fọwọ́ sí i.

Mo gbé ìgò kan dání wálé nínú àpótí pupa rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ẹbí jókòó sí pálọ̀. Bàbá Olùkọ́, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ tíṣà, gba káàdì mi, ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àbúrò mi ń gbé àpótí ya fọ́tò. Mo ṣí ìgò náà. Mo da díẹ̀ sínú gíláàsì, mo kúnlẹ̀ lórí eékún kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá àgbà.

Wọn ò gbà á. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gbé e wá. Mu ún ṣáájú."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀yin ni àgbà, mà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fẹnu kàn án."

"Òótọ́ ló sọ, Màmá," ni Bàbá Olùkọ́ wí. "Ẹ má jẹ́ ká dójú ti ọmọ yìí."

"Mo ní kó mu ún ṣáájú."

Mo ní mò ń lo oògùn ibà. Irọ́ ni. Káyọ̀dé ti dán irú rẹ̀ wò rí ní yàrá wa, fún ẹ̀fẹ̀ lásán, ọjọ́ méjì gbáko ló fi bì. Ó ní ẹja tí òun jẹ ni. Èmi ò rò pé ẹja ni. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n wo ọ̀fun mi, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ni wọ́n bá gba gíláàsì náà lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà tí kì í mu omi tí ìdérí rẹ̀ ò ró! Wọ́n gbé e sókè, wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n sì la ẹnu.

"Ẹ má mu ún!"

Mo ti gbá a kí n tó mọ̀ pé mo na ọwọ́. Gíláàsì fọ́ mọ́lẹ̀, wáìnì ta sí aṣọ léèsì funfun tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń bẹ̀bẹ̀, ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò. Ìyá àgbà ò bínú rárá. Wọ́n ń nu àyà aṣọ wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó tán. Ohun tí o kò lè jẹ́ kí n mu, má fi orúkọ bàbá rẹ lé e lórí."

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní ẹ̀yìnkùlé, àwa méjèèjì péré, pé mo fura pé ọtí ayédèrú ni ọ̀gá ń rọ sínú àwọn ìgò òfìfo yẹn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: tí mi ò bá fọwọ́ sí i, ta ló tún kù níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé ìwé yẹn fún? Mo ní Káyọ̀dé, ọmọ Òmùpò. Wọ́n ní, "Tó o bá dé ibẹ̀, kó o tó tú ẹrù, sọ fún un."

Mo padà, mo sọ fún ọ̀gá pé mi ò ṣe mọ́, àwọn ará ilé mi ò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba káàdì lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ fún Káyọ̀dé. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo fura sí i ni. Mo ní tí mo bá sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún un, ó lè lọ sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á lé mi kí n tó rí iṣẹ́ mìíràn. Ọkùnrin tí à ń jùmọ̀ sùn ní yàrá kan, tó ń se ọbẹ̀ fún mi nígbà tí ibà mú mi! Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Káyọ̀dé ti wọ kóòtù wọlé, ó ń na káàdì tuntun sí mi, orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Àkànní, bá mi ka ìwé yìí, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀?" Ó ti fọwọ́ sí ọ̀kan, ó ku méjì. Mo ní mi ò ráyè. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá àgbà pè mí. "Ọmọ Òmùpò yẹn ńkọ́? O ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ, mà. Kò gbọ́."

Mo ń retí kí wọ́n ní kí n yí fóònù kiri. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, ojú wọn rọ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo ti kúrò níbẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí oníbàárà kan ṣí ìgò rẹ̀ mu lóòótọ́, tó sì ṣàìsàn. Àwọn ọlọ́pàá dé. Ọ̀gá ti sá. Orúkọ Káyọ̀dé ló wà lórí gbogbo ìwé, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mélòó kan.

Gbogbo èyí ni mo gbé dání wá sí ìsìnkú. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Káyọ̀dé wá láti Òmùpò. Mi ò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí lábẹ́ kánópì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ni wọ́n ń dúpẹ́ fún?

"Màmá wá bá mi nílé," ni wọ́n wí. "Pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn, wọ́n wọ mọ́tò wá sí Òmùpò. Wọ́n ní kí n má rò pé ọmọ àwọn ló fi ọmọ mi sílẹ̀, pé o kìlọ̀ fún un, kò gbọ́ ni. Ta ni kò mọ Màmá? Wọn kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn ni mo yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé. Olóríkunkun ọmọ! Lẹ́tà mẹ́ta ló ti kọ sí mi láti ẹ̀wọ̀n, mi ò ṣí ọ̀kankan. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún, tó ṣì lọ ti ọwọ́ bọ iná, kí ló fẹ́ sọ fún mi?"

Mo wo ibi tí wọ́n sin Ìyá àgbà sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò, ọ̀rọ̀ tèmi ni, irọ́ sì ni. Wọ́n sì fi orúkọ wọn dúró fún irọ́ yẹn, ìyá kan sì tìtorí rẹ̀ kọ ọmọ rẹ̀.

Mo ní, "Mi ò kìlọ̀ fún un, mà."

Wọ́n ní, "Kí lo wí?"

"Ó gbé ìwé náà wá bá mi pé kí n kà á fún òun. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo parọ́ fún Ìyá àgbà. Wọn ò mọ̀."

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbá mi. Wọn ò gbá mi. Àwọn alásè ń gbé abọ́ kọjá níwájú wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìwé ètò ìsìnkú tó wà lórí itan mi, wọ́n yí i sẹ́yìn níbi tí kò sí nǹkan kan, wọ́n yọ bírò nínú báàgì wọn.

"Kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ohun tó o sọ fún mi yìí gan-an, kọ ọ́ sí ọmọ mi. Jókòó síbí, kí n máa wò ọ́."

Mo kọ ọ́. Wọn ò gbé ojú kúrò lára mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n kà á sókè, mo sì kà á: "Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka ìwé yẹn kó o tó gbé e wá bá mi. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò sọ fún ọ."

Wọ́n ní kí n tún un kà.